Orísun Òdiwọ̀n Àlàfo Afẹ́fẹ́ Nínú Ìlànà Ààbò Iná Mànàmáná

Ìfáàrà

Orúkọ tí àwọn Yorùbá fún iná ìgbàlódé, iná mànàmáná, kì í ṣe orúkọ tí ó ṣèèṣì bọ́ sí i lára. Mànàmáná tí ń kọ lójú ọ̀run nígbà òjò ni iná tí ó fi tipátipá la afẹ́fẹ́ kọjá, láti inú ìkùukùu kan sí òmíràn tàbí láti inú ìkùukùu sí ilẹ̀. Ohun kan náà ni ó ń ṣẹlẹ̀, ní kékeré, nígbà tí iná bá fò láti ara wáyà kan sí èkejì láìjẹ́ pé àwọn méjèèjì fi ara kan ara wọn. Ẹni tí ó kọ́kọ́ pè é bẹ́ẹ̀ ti sọ ohun tí ó yẹ kí ènìyàn máa bẹ̀rù lára rẹ̀.

Afẹ́fẹ́ ni ohun tí ń dènà iná tí ó pọ̀ jù lọ láyé, kò sì náni ní kọ́bọ̀. Ọ̀pọ̀ wáyà tí ó gba orí òpó kọjá ni kò ní rọ́bà lára. Afẹ́fẹ́ ni ó yà wọ́n kúrò lára ilẹ̀ àti lára ènìyàn. Bákan náà ni ó rí nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì, nínú mítà iná àti nínú ṣájà fóònù. Àwọn ibì kan wà nínú wọn tí ó jẹ́ pé afẹ́fẹ́ nìkan ni ó wà láàárín irin tí iná wà lára rẹ̀ àti irin tí ọwọ́ lè kàn. Àwọn ìwé ìlànà ààbò sọ bí àlàfo náà ti gbọ́dọ̀ fẹ̀ tó: mìlímítà 0.5 níhìn-ín, mìlímítà 1.5 lọ́hùn-ún, mìlímítà 3 tàbí 5.5 níbòmíràn. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ iná sábà máa ń há àwọn òǹkà wọ̀nyí sórí láìbéèrè ibi tí wọ́n ti wá. Kí ló dé tí ó fi jẹ́ 3, tí kì í ṣe 2 tàbí 10?

Ìtàn àwọn òǹkà náà fi hàn pé kì í ṣe iná fólítì 230 tí a mọ̀ nínú ilé ni ó bí wọn. Àlejò òjijì kan tí ń gba ara wáyà wọlé, tí kì í lò tó ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú-àáyá kí ó tó lọ, ni wọ́n wọ̀n wọ́n fún.

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ ya nǹkan méjì sọ́tọ̀. Àlàfo afẹ́fẹ́ ni ọ̀nà tí ó kúrú jù lọ tí iná lè fò gbà láti irin kan dé èkejì. Ọ̀nà ìrákòrò sì ni ọ̀nà tí ó kúrú jù lọ tí iná lè rá gbà lójú ike tàbí tánganran tí ó wà láàárín irin méjì, pàápàá bí ojú náà bá lọ́rinrin tàbí tí ó dọ̀tí. Òfin tí ó ń darí fífò yàtọ̀ sí èyí tí ó ń darí rírá. Fífò ni iṣẹ́ yìí dá lé.

Paschen àti òfin fífò iná

Ní ìlú Lọ́ńdọ́ọ̀nù, Warren De la Rue àti Hugo Müller to bátìrì kéékèèké tí ó lé ní 10,000 jọ, wọ́n sì fi wọ́n wo bí iná ṣe ń la afẹ́fẹ́ àti àwọn gáàsì mìíràn kọjá. Ọdún 1880 ni àbájáde wọn jáde. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ́mọkùnrin ará Jámánì kan, Friedrich Paschen, ni ó sọ ọ̀rọ̀ náà di òfin ní 1889, lẹ́yìn iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀ ní Yunifásítì Strasbourg, èyí tí ó wà lábẹ́ Jámánì nígbà náà. Ó dán afẹ́fẹ́, háídírójìn àti kábọ́ọ̀nù dàoksáìdì wò. Ohun tí ó rí ni pé fólítì tí yóò mú kí iná fò kò sinmi lé fífẹ̀ àlàfo nìkan, bẹ́ẹ̀ ni kò sinmi lé ìfúnpá afẹ́fẹ́ nìkan. Èsì tí a rí nígbà tí a bá sọ àwọn méjèèjì di púpọ̀ ni ó ń ṣàkóso rẹ̀. Bí a bá dín àlàfo kù sí ìdajì, tí a sì sọ ìfúnpá di ìlọ́po méjì, fólítì tí iná yóò fi fò kò ní yí padà.

Ohun àjèjì kan fara hàn nínú òfin yìí. Bí a bá ń dín àlàfo kù díẹ̀díẹ̀, fólítì tí iná nílò láti fò ń dín kù pẹ̀lú rẹ̀, ṣùgbọ́n ó dé ibì kan tí kò lè dín kù mọ́. Bí a bá tún dín àlàfo náà kù sí i, ńṣe ni fólítì náà ń pọ̀ padà.

John Townsend, ọmọ ilẹ̀ Ireland tí ó ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Oxford, ni ó la ìdí rẹ̀ yé ayé ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún. Ẹ jẹ́ kí a fi ọjà wé e. Bí ọjà bá kún fọ́fọ́, ẹni tí ń sáré nínú rẹ̀ kò ní lè ki eré mọ́lẹ̀ kí ó tó kọlu ẹlòmíràn. Kò ní ipá tí ó lè fi gbé ẹnikẹ́ni ṣubú. Bí ọjà bá sì dá pátápátá, yóò sáré dé òpin láìrí ẹni kọlù. Ìgbà tí èrò kò pọ̀ jù, tí wọn kò sì kéré jù, ni ìkọlù ń ṣọṣẹ́. Ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù ni ẹni tí ń sáré. Àwọn átọ́ọ̀mù inú afẹ́fẹ́ ni èrò ọjà. Bí ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù kan bá fi agbára tí ó tó kọlu átọ́ọ̀mù kan, yóò gba ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù mìíràn jáde lára rẹ̀. Ọ̀kan di méjì, méjì di mẹ́rin, mẹ́rin di mẹ́jọ, títí afẹ́fẹ́ tí ó ti ń dènà iná yóò fi di ọ̀nà fún iná.

Nínú afẹ́fẹ́ lásán, fólítì tí ó kéré jù lọ tí iná fi lè fò báyìí jẹ́ nǹkan bí 327. Ní ìfúnpá afẹ́fẹ́ tí a ń mí, àlàfo tí èyí ti ń ṣẹlẹ̀ kò ju bí ìdá kan nínú mẹ́wàá ìnípọn irun orí lọ. Wàyí o, iná ilé tí a ń pè ní 230 kì í dúró sójú kan. Ó ń gòkè, ó ń sọ̀; ní ìgbà ọgọ́rùn-ún láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan ni ó ń dé góńgó rẹ̀, góńgó náà sì jẹ́ fólítì 325. Ó ku fólítì méjì kí ó dé ibi tí Paschen sọ pé fífò ti bẹ̀rẹ̀. Ìtumọ̀ èyí ni pé láàárín irin méjì tí ó dán tí ó sì mọ́, iná ilé tí kò ní ìyọnu kankan nínú kò ní fò, bí àlàfo tó wà láàárín wọn tilẹ̀ jẹ́ ìdá kan péré nínú ọgọ́rùn-ún mìlímítà. (Iná tí ojú ń rí nígbà tí a bá pa súwíìṣì jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn: irin ti kan irin níbẹ̀ kí wọ́n tó yapa, ooru sì ti la ọ̀nà sílẹ̀.) Kí wá ni a ń fi odidi mìlímítà mẹ́ta ṣe?

Abẹ́rẹ́ ìránṣọ àti bọ́ọ̀lù irin

Apá kan ìdáhùn náà wà lára abẹ́rẹ́. Àwọn tí ń ta iná fún ará ìlú ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún nílò ọ̀nà tí wọn yóò fi wọn fólítì ńláńlá tí kò sí ẹ̀rọ ìwọ̀n tí ó lè gbà á. Ọ̀nà tí ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀-ẹ̀rọ iná ti Amẹ́ríkà fọwọ́ sí kò le: wọn a gbé abẹ́rẹ́ ìránṣọ méjì kojú ara wọn, wọn a sì wo bí àlàfo tí iná lè fò ti fẹ̀ tó. Charles Steinmetz, tí wọ́n bí sí Jámánì kí ó tó kó lọ sí Amẹ́ríkà, wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ ṣe irú ìwọ̀n bẹ́ẹ̀. Wọ́n tẹ tábìlì jáde tí ó sọ fólítì di àlàfo. Nínú tábìlì náà, fólítì 10,000 ń fo àlàfo tí ó lé díẹ̀ ní mìlímítà 10.

Abẹ́rẹ́ kò ṣe é gbára lé pẹ́. Ẹnu rẹ̀ ń jóná ní gbogbo ìgbà tí iná bá fò, ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ sì ń yí èsì rẹ̀ padà. Frank Peek, òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ General Electric, wà lára àwọn tí ó fi bọ́ọ̀lù irin rọ́pò rẹ̀. Ó ṣàlàyé iṣẹ́ náà nínú ìwé ńlá kan tí ó tẹ̀ jáde ní 1915, ó sì fi bí a ti ń ṣírò ipa tí ooru àti ìfúnpá afẹ́fẹ́ ń ní lórí fífò iná hàn. Títí di òní, bọ́ọ̀lù irin méjì wà nínú ìlànà àgbáyé gẹ́gẹ́ bí ohun ìwọ̀n fólítì gíga.

Ohun tí ó mú kí abẹ́rẹ́ yàtọ̀ sí bọ́ọ̀lù ni ó ṣe pàtàkì fún ààbò. Láàárín irin méjì tí ojú wọn tẹ́jú, ìtari iná pín káàkiri lọ́gbọọgba, a sì nílò nǹkan bí fólítì 30,000 kí iná tó lè fo sẹ̀ǹtímítà kan. Ṣùgbọ́n lẹ́nu ohun ṣóńṣó, ìtari náà kóra jọ sójú kan bí omi tí a fún pọ̀ lẹ́nu rọ́bà. Iná a sì tètè fò. Bẹ́ẹ̀, ohun ṣóńṣó ni ó kún inú ẹ̀rọ: orí ìdè, ẹnu wáyà tí a gé, òjé tí ó gán sókè. Ìdí nìyí tí abẹ́rẹ́ tí wọ́n lé kúrò nídìí ìwọ̀n fi padà wọlé sídìí ààbò. Nínú ìlànà tí ó wà lóde báyìí, ohun tí wọ́n fi ṣe ìpìlẹ̀ ìṣirò ni ẹnu ṣóńṣó kan tí rédíọ́ọ̀sì rẹ̀ jẹ́ ìdá 0.03 mìlímítà, tí ó kojú pátákó irin tí ó fẹ̀ ní mítà kan lóròó, mítà kan níbùú. Kí iná fólítì 4,000 má baà fò láàárín wọn, mìlímítà 3 ni a nílò. Bí ojú méjèèjì bá tẹ́jú bí dígí, mìlímítà 1.2 tó. Ẹni tí ó kọ ìlànà náà kò mọ bí ẹni tí yóò de wáyà yóò ti dè é, nítorí náà, èyí tí ó burú jù ni ó mú.

Àlejò tí ń gba ara wáyà wọlé

Fólítì 4,000 nínú ilé tí ó ń lo 230? Níbí gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Bí àrá bá sán nítòsí wáyà orí òpó, kò di dandan kí ó bọ́ lé e; sísán rẹ̀ nìkan lè ti ẹgbẹẹgbẹ̀rún fólítì sínú rẹ̀. Bí ẹ̀rọ ńlá kan bá sì kú lójijì, tàbí tí wọ́n já iná àdúgbò kan tí wọ́n sì dá a padà, ìrusókè a máa wáyé. Ìrusókè yìí kì í pẹ́. Àpẹẹrẹ tí wọ́n fi ń dán ẹ̀rọ wò nínú ìlànà ń ru dé góńgó láàárín ìdá 1.2 nínú mílíọ̀nù ìṣẹ́jú-àáyá, ó sì ń lọ sílẹ̀ dé ìdajì nígbà tí ó bá tó ìdá 50 nínú mílíọ̀nù. Gílóòbù kò ní ráàyè ṣẹ́jú. Ṣùgbọ́n àkókò yẹn tó fún ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù láti sọ ara rẹ̀ di púpọ̀.

Àwọn tí ń gbé iná gba ọ̀nà jíjìn ni ó kọ́kọ́ fi ìrusókè ṣe òdiwọ̀n. Ní 1941 ni àwọn ẹgbẹ́ onímọ̀-ẹ̀rọ àti aṣerọ̀ ní Amẹ́ríkà fẹnu kò lórí ìpele tí ìdènà iná gbọ́dọ̀ lè fara dà. Ó pẹ́ kí irú ìrònú bẹ́ẹ̀ tó wọ inú ilé. François Martzloff àti Hahn, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní General Electric, tẹ ìwádìí wọn jáde ní 1970 lórí ìrusókè nínú ilé gbígbé àti ilé iṣẹ́. Wọ́n fi hàn pé ẹgbẹ̀rún fólítì àti jù bẹ́ẹ̀ lọ jẹ́ àlejò tí ó máa ń yà nínú ilé lásán.

Nínú ìwé ìlànà tí IEEE tẹ̀ jáde ní Amẹ́ríkà ní 1980 lórí ọ̀rọ̀ yìí, àpẹẹrẹ kan wà tí olùkọ́ lè fi la akẹ́kọ̀ọ́ lójú. Àwọn mọ́tò aago kan ń jóná ṣáá nínú ilé àwọn tí ó rà wọ́n. Fólítì 2,000 ni ìdènà inú wọn lè fara dà. Nígbà tí wọ́n gbé e sókè sí 6,000, iye àwọn tí ń bàjẹ́ lọ sílẹ̀ sí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ti tẹ́lẹ̀. Kò sí ohun tí wọ́n yí padà nínú iná ilé náà.

Ìwé náà tún ṣàlàyé ìdí tí ìrusókè inú ilé kò fi sábà kọjá 6,000. Nígbà tí fólítì bá tó ìwọ̀n yẹn, iná yóò fo àlàfo tí ó wà nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀, kò sì ní lè ga jù bẹ́ẹ̀ mọ́. Èyí já sí pé àlàfo tí àwọn àgbà oníṣẹ́ ti fi ojú ìrírí wọ̀n sínú sọ́kẹ́ẹ̀tì ní àtijọ́ ni ó ń sọ iye ìrusókè tí àwọn ẹ̀rọ òde òní gbọ́dọ̀ múra sílẹ̀ dè. Ìrusókè ni ó ń bí àlàfo, àlàfo náà sì ń dín ìrusókè kù. Ìtàn adìyẹ àti ẹyin ni.

Bí tábìlì àgbáyé ṣe wáyé

Àjọ àgbáyé lórí ìmọ̀-ẹ̀rọ iná, tí gbogbo ayé mọ̀ sí IEC, ni wọ́n dá sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù ní 1906, Lord Kelvin sì ni ààrẹ àkọ́kọ́. Fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn rẹ̀, ìgbìmọ̀ tí ń rí sí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ní òǹkà tirẹ̀, ìrírí sì ni ọ̀pọ̀ nínú wọn gbé e kà. Ní 1980 ni IEC gbé ìròyìn kan jáde, nọ́ńbà 664, tí ó so gbogbo rẹ̀ mọ́ ìpìlẹ̀ kan: kọ́kọ́ mọ ìrusókè tí ó lè dé, lẹ́yìn náà ni kí o yan àlàfo. Ó di ìlànà gidi ní 1992, wọ́n sì tún un ṣe ní 2007 àti ní 2020.

Fún iná tí ó jẹ́ 230 láàárín wáyà kan àti ilẹ̀, ìlànà náà pín ẹ̀rọ sí ìsọ̀rí mẹ́rin. Mítà àti ohun tí ó wà lẹ́nu ọ̀nà tí iná ń gbà wọlé gbọ́dọ̀ fara da fólítì 6,000. Àlàfo wọn jẹ́ mìlímítà 5.5. Ohun tí a kàn mọ́ ògiri, irú bíi sọ́kẹ́ẹ̀tì àti àpótí fíúùsì, wà ní 4,000, pẹ̀lú mìlímítà 3. Ẹ̀rọ tí a ń kì bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì wà ní 2,500, pẹ̀lú mìlímítà 1.5. Ẹ̀rọ tí ohun mìíràn ti dáàbò bò wà ní 1,500, pẹ̀lú ìdajì mìlímítà. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ ló ń sọ pé ìrusókè ń rẹ̀ bí ó ti ń rìn wọ inú ilé lọ, bí odò tí ń gbẹ. Ìlànà fúnra rẹ̀ kò sọ bẹ́ẹ̀. Ohun tí ó sọ ni pé ìsọ̀rí náà dá lórí bí ó ti ṣeé ṣe tó kí irú ìrusókè bẹ́ẹ̀ dé ibẹ̀, àti bí àdánù yóò ti pọ̀ tó bí ó bá dé. Mítà tí ó jóná ń kó gbogbo ilé sí òkùnkùn. Rédíò tí ó jóná kò ju rédíò lọ.

Eruku náà gba àyè tirẹ̀. Níbi tí ó mọ́ tí a sì dé pa, àlàfo lè kéré dé ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún mìlímítà bí ìrusókè kò bá ju 330 lọ. Ní yàrá lásán, kò gbọdọ̀ kéré sí mìlímítà 0.2, níbi tí eruku àti ìrì bá pọ̀ sí, kò gbọdọ̀ kéré sí 0.8, nítorí pé hóró eruku kan ṣoṣo lè di afárá fún iná. Ẹni tí ó bá ti tú ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n lẹ́yìn ọyẹ́ kò ní nílò àlàyé púpọ̀ lórí èyí.

Òfin Paschen tún padà ní ti gíga ilẹ̀. Bí a ti ń gòkè ni afẹ́fẹ́ ń fúyẹ́ tí iná sì ń tètè fò. Gíga mítà 2,000 ju òkun lọ ni àwọn òǹkà inú tábìlì dúró lé; bí ẹ̀rọ yóò bá ṣiṣẹ́ ní mítà 5,000, a óò fi 1.48 sọ àlàfo rẹ̀ di púpọ̀. Kò sí ìlú Yorùbá kankan tí ó ga tó mítà 2,000, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ti dé ọwọ́ wa. Ìlànà tí orílẹ̀-èdè Ṣáínà gbé jáde ní 2011 sọ pé ẹ̀rọ tí kò bá ní àlàfo tí ó tó fún mítà 5,000 gbọ́dọ̀ gbé àmì ìkìlọ̀. Àwòrán òkè kékeré tí wọ́n kọ 2000m sí, tí ó wà lára ọ̀pọ̀ ṣájà kọ̀ǹpútà, kò ju ìyẹn lọ.

Ṣájà àti ọwọ́ ènìyàn

Gbogbo òǹkà tí a ti kà yìí wà fún ìdènà kan ṣoṣo. Níbi tí ó jẹ́ pé ìdènà náà nìkan ni ó wà láàárín iná ilé àti awọ ara ènìyàn, ìlànà ní kí a fi àlàfo sókè sí ìpele tí ó tẹ̀ lé e. Ṣájà fóònù kò ní wáyà ilẹ̀. Nínú rẹ̀, iná 230 wà lápá kan, fólítì 5 tí ń lọ sí ọwọ́ ọmọdé wà lápá kejì. Nítorí náà, 2,500 di 4,000, mìlímítà 1.5 sì di 3, yàtọ̀ sí ọ̀nà ìrákòrò tí ó sábà máa ń gùn ju èyí lọ. Àmì igun mẹ́rin tí ó wà nínú igun mẹ́rin mìíràn lára ṣájà ni aṣerọ̀ fi ń jẹ́rìí pé òun ti ṣe bẹ́ẹ̀. Nínú ayédèrú, àmì náà lè wà kí àlàfo má sí: páńẹ́ẹ̀lì kékeré kò gbówó lórí, mìlímítà 3 sì ń gba àyè.

Bákan náà ni pẹ̀lú àtúnṣe. Bí ẹni tí ń tún ẹ̀rọ ṣe bá fi òjé tí ó pọ̀ jù jó ẹsẹ̀ ohun kan mọ́lẹ̀, tí mìlímítà 3 di ìdajì mìlímítà, ẹ̀rọ náà yóò ṣiṣẹ́ níṣojú rẹ̀. Yóò ṣiṣẹ́ lọ́la pẹ̀lú, nítorí pé 325 kò lè fo ìdajì mìlímítà. Kò sí òórùn, kò sí èéfín, tẹ́sítà kò ní sọ ohunkóhun. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ láti ìgbà ọyẹ́ títí di alẹ́ tí òjò àkọ́rọ̀ yóò dé pẹ̀lú àrá, tí ẹnì kan yóò sì wà lórí ibùsùn tí ó ń lo fóònù tí ó ṣì wà lẹ́nu wáyà ṣájà náà.